Ojú Méjì Lórí Bébà Kan

Kí ọyẹ́ tó dé ni mo ti pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi tì. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sí ìdánwò tí mo fẹ́ tẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí náà mo da aṣọ bò ó nínú yàrá ẹ̀yìn, mo sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lo tàdáwà olómi kò fẹ́ ká gbàgbé òun. Tí ọyẹ́ bá fẹ́ sí i, tàdáwà á gbẹ mọ́ orí rẹ̀, níbi àwọn ihò tóóró tí ojú lásán kò lè rí, tó sì yẹ kí tàdáwà máa gbà kán sórí bébà. Ojú mi rí tó kí n tó mọ ìyẹn, nínú ọ̀sẹ̀ tí ìyá mi ń múra àtilọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú.

Ìyá mi ti dàgbà. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́ tán, èkejì ń ríran bí ẹni ń wo ìta láti inú èéfín. Dókítà ní òun á gbìyànjú lórí èyí tó kù, ṣùgbọ́n kò bá wa purọ́: ó lè là, ó sì lè pa dé pátápátá. Ìyá mi ní kò burú, Ọlọ́run ló ni ojú. Ìgbà tí dókítà jáde tán ló fà mí láṣọ, tó ní: "Kí wọ́n tó fi nǹkan bo ojú yìí, mo fẹ́ rí ẹ̀yin méjèèjì. Bá mi gbé fọ́tò yín wá."

Èmi nìkan ni ọmọ tí ìyá mi ní láyé.

Ìbejì ni wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, òun ló tẹ̀lé mi, nítorí náà òun ni ẹ̀gbọ́n, torí ẹ̀gbọ́n ló ń rán àbúrò pé kó lọ tọ́ ayé wò. Kí á tó dàgbà tó ọmọ iléèwé ni ibà mú un lọ. Nílé wa a kì í sọ pé ó kú. Ní Àjàṣẹ́ níbí, àwa tí à ń sọ Nàgó àtàwọn Gun tí à ń bá gbé, ohun kan náà là ń wí nípa ìbejì tó lọ: ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó. Wọ́n ní bí èyí tó kù bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú, yóò dìde tẹ̀lé e. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́ bí ọmọdé ṣe ń gba nǹkan gbọ́. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mò ń retí ẹni tó máa ru igi bọ̀. Inú rẹ̀ a máa bí mi pé igi kí ló ń ṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ti dàgbà báyìí, mo mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, síbẹ̀ bí mo bá pàdé ọmọbìnrin tó ru igi lọ́nà Avrankou, mo máa ń wo ojú rẹ̀ dáadáa kí n tó kọjá.

Kò sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ rí kó tó lọ. Ìyẹn ló dun ìyá mi jù. Nígbà náà, àwọn mìíràn máa ń gbẹ́ ère fún ìbejì tó lọ, ṣùgbọ́n mùsùlùmí ni wá, bàbá mi kò sì fẹ́ kí ère wọ ilé rẹ̀. Nítorí náà ìyá mi ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá ìbejì ń ṣe. Ó wọ̀ mí ní aṣọ tuntun tó rà fún mi láti Kraké lẹ́nu ibodè, níbi tó ti ń ṣòwò, ó sì mú mi lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán. Ayàwòrán ya èmi nìkan, ó sì tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sórí bébà kan. Ọmọ méjì, aṣọ kan náà, ojú kan náà. Ìyá mi gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, ó sì ń wí fún àlejò pé, "Àwọn ọmọ mi rèé."

Èyí tó wà lápá òsì, tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ni èmi. Èyí tó wà lápá ọ̀tún ni ẹ̀gbọ́n mi. N kò rántí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú bí orúkọ mi ṣe dá mi lójú. Láràárọ̀ ni mo máa ń kí ti apá ọ̀tún: ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá jí ẹran jẹ nínú ìkòkò, òun ni mo máa ń wò bóyá ó rí mi. Mo ṣègbéyàwó, mo bímọ, bàbá mi kú, mo padà wá gbé pẹ̀lú ìyá mi, n kò yé kí i.

Òjò tó kọjá ló bà á jẹ́. Òrùlé jò sí i lẹ́yìn, omi wọ àárín dígí àti bébà, wọ́n sì lẹ̀ pọ̀. Nígbà tí mo rọra fẹ́ ṣí wọn, ti apá ọ̀tún bá dígí lọ. Ojú ẹ̀gbọ́n mi di èérí funfun lára dígí, ti apá òsì nìkan ló kù. N kò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú nígbà náà, kò mọ̀ pé ògiri ti ṣófo. Nígbà tó wá ní kí n gbé fọ́tò wá yìí, ohun tí mo wí ni pé, "Kò burú, Màmá."

Mo fi tẹlifóònù ya ojú kan tó kù, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mo sọ ọ́ di méjì bí ayàwòrán ti ṣe. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò Djègan-Kpèvi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù wò ó, ó tẹ nǹkan díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì nawọ́ bébà kan sí mi tí ojú kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀, gbàgàdà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Màmá, fọ́tò kan náà lẹ fi sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti bá yín yọ ọ̀kan kúrò."

Inú rere ló fi ṣe é. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lórí, mo sì pariwo mọ́ ọn: "Ta ló ní kó o yọ ọ́? Ṣé ìwọ lo bí i ni?" Ọkùnrin náà ń bẹ̀ mí, kò sì mọ ohun tó ń bẹ̀ mí fún. Mo fa bébà náà ya, mo bọ́ síta. N kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi jáde nílé, àwọn àgbà ti mú mi lọ sọ́dọ̀ ará ilé kejì. Lójú tèmi, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ní Djègan-Kpèvi ni mo rí i tí wọ́n gbé e lọ. Mo búra pé ẹlòmíràn kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Mo ní ẹ̀rọ tèmi nílé.

Mo ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ náà, mo fi bébà dídán sí i. Nítorí pé ojú méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìbú ni àwòrán náà wà: ẹ̀rọ á kọ́kọ́ tẹ ti apá òsì tán kó tó kan ti apá ọ̀tún. Bí a ṣe wá sáyé náà nìyẹn, èmi ṣáájú, òun tẹ̀lé. Mo jókòó tì í. Èmi jáde, mo pé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tutù yọ̀yọ̀. Ó wá kan ẹ̀gbọ́n mi. Etí rẹ̀ kan jáde dáadáa. Nígbà tó fi máa dé ojú, pupa ti ń kúrò lára rẹ̀. Ó di àwọ̀ ewé, àwọn ìlà funfun sì là á láti orí dé àgbọ̀n. Ojú tó ń wò mí láàárín àwọn ìlà yẹn kì í ṣe ojú mi mọ́.

N kò ní purọ́, ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ju bébà sílẹ̀, mo ka Àyátul-Kúrsí fún ààbò. Lẹ́yìn tí mo kà á tán ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo tún un tẹ̀. Bákan náà ló rí. Mo ti mọ ohun tó ṣe é: orí ẹ̀rọ náà ti dí, tàdáwà pupa díẹ̀ ló ń ráyè kọjá. Ó tó fún ojú kan, kò tó fún méjì. Ẹ̀rọ náà ní ètò ìfọ̀ tirẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọgun, ó gbọ̀n, ó mu tàdáwà mi bí ẹni ń mu omi lẹ́yìn ààwẹ̀, nǹkan kan kò yàtọ̀.

Èyí tó burú jù ni pé ó ń dá ṣiṣẹ́. Bí iná bá lọ tó sì dé, ẹ̀rọ náà á jí fúnra rẹ̀, á gbé orí rẹ̀ lọ sápá kan, á gbé e bọ̀, krr, krr, bí ẹni ń wá nǹkan nínú àpótí. Yàrá ẹ̀yìn yẹn sì ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń sùn. Ìyá mi á gbọ́ ọ láti pálọ̀.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Ẹ̀rọ ni."

Á ní, "Ẹnì kan wà níbẹ̀." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé àlejò wọlé, tí n kò sì fún un ní omi.

Aládùúgbò mi, obìnrin Gun kan tí ògiri kan ṣoṣo pín wa níyà, tí kì í sì í jẹ́ kí ọ̀ràn mi kọjá òun, ló sọ fún mi pé ọtí ni wọ́n fi ń fọ irú orí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọtí fámásì ni, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ máa rìn jìnnà fún, ṣebí ọtí náà ni sódábì, ògógóró wa. "Ohun tó ń gbiná bẹ́ẹ̀ yẹn," ó ní, "kí ni kò ní lè fọ̀?" Èmi tí n kò fi ọtí kan ètè rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kí ni mo mọ̀? Mo mú ife kékeré kan, mo fi ìborùn bò ó bí olè, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé rẹ̀. Ó bù ú fún mi látinú ìgò tí àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ gbé wá láti Avrankou. Ó tilẹ̀ tún bu ọlá fún mi: kò bu èyí tó mọ́ gaara, èyí tí wọ́n rẹ egbò àti èèpo igi sí ló bù, tó ń fi pamọ́ de àlejò pàtàkì.

Mo fi ike abẹ́rẹ́, tí mo ti yọ ṣóńṣó rẹ̀, fà á, mo sì ń kán an sójú ihò. Òórùn rẹ̀ gba ilé kan. Ojú ìyá mi ti darúgbó, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.

"Ta ló mutí nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀rọ ló mu ún, Màmá."

"Ẹ̀rọ náà ti wá di kèfèrí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́. Bébà tó jáde lẹ́yìn náà kò ní pupa kankan mọ́ rárá: oje egbò yẹn ti lẹ̀ mọ́ àwọn ihò náà. Àwa méjèèjì di ọmọ aláwọ̀ ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó ń mutí kò ní ṣe irú àṣìṣe yẹn, ó mọ ìyàtọ̀ láàárín sódábì gaara àti elégbò. Àfi irú wa, tí a sá fún ọtí tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ èyí tí à ń sá fún.

Iṣẹ́ abẹ wá ku ọ̀la. Onítakisí ti ṣèlérí pé òun á wá gbé wa lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, mo sì sunkún. Kì í ṣe nítorí ẹ̀rọ. Bí ojú ìyá mi bá pa dé, ohun tó máa rí kẹ́yìn láyé ni ògiri, àti dókítà, àti èmi tí mo ń ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe. Kò béèrè nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí ọmọ òun méjèèjì, n kò sì lè ṣe é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, mo ra omi mímọ́ tí wọ́n ń bù kún bátìrì, èyí tí kò ní iyọ̀, tí kò ní ìdọ̀tí. Mo mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sì fa wáyà rẹ̀ yọ lójijì, kí orí rẹ̀ má bàa ráyè padà sí ibi tó ń sá pamọ́ sí. Mo fi ìka tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ṣẹ́ aṣọ funfun pẹlẹbẹ kan po, mo rẹ ẹ́ sínú omi náà, mo tẹ́ ẹ sísàlẹ̀, mo ti orí náà padà sórí rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ kó máa mu ún. Nígbà tí mo fa aṣọ yọ, àwọ̀ igi ló kọ́kọ́ wà lára rẹ̀, ìdọ̀tí sódábì. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un tẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni pupa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo rántí nípa ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ tutù ló sì wà nínú rẹ̀. Ó sùn sórí ẹní, ìyá mi ń fún aṣọ, ó ń nu iwájú orí rẹ̀, ó ń rẹ aṣọ padà sínú abọ́. Mo ní kó nu tèmi náà. Ìyá mi tún gbé aṣọ náà lé orí tirẹ̀.

Mo tẹ bébà àyẹ̀wò, èyí tó ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn. Àwọn ìlà pupa tó ti já jálajàla bẹ̀rẹ̀ sí í so pọ̀. Mo fi ike abẹ́rẹ́ ti omi díẹ̀ gba inú wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí bí ènìyàn bá fi agbára tì í, orí náà á bàjẹ́ pátápátá. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo ti ń ṣe é. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni mò ń wí, "ẹ jáde. Màmá fẹ́ rí yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ìrun ọ̀sán ti kọjá nígbà tí mo tẹ èyí tó kẹ́yìn. Ti apá òsì jáde, kò lábùkù. Ti apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀, ó ní ojú, ó ní imú, kò sí ìlà funfun kankan lára rẹ̀. Ó kàn ṣá díẹ̀, bí aṣọ tí oòrùn ti pa. Mo rò pé ó tó. Onítakisí ti ń fun fèrè níta. Mo gbé bébà náà sáré lọ bá ìyá mi ní pálọ̀, níbi tó jókòó sí pẹ̀lú ìborùn funfun rẹ̀ àti báàgì rẹ̀ lórí itan.

Ó gbé e sún mọ́ ojú kan tó kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an lórí ti apá òsì.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ rèé," ó ní. "Ó pé. Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀."

"Rárá, Màmá, èmi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà lápá ọ̀tún."

"Apá ọ̀tún ta ni? Tìẹ tó ò ń wò ó, àbí tiwọn tí wọ́n jókòó síbẹ̀?" Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọwọ́ ọ̀tún àbúrò ni ẹ̀gbọ́n ń jókòó sí. Bí mo ṣe ní kí ayàwòrán tò yín nìyẹn."

Mo rò ó. Ẹni tó bá jókòó nínú fọ́tò, tó dojú kọ wá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni òsì wa. Gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń kí ẹ̀gbọ́n mi, ara mi ni mò ń kí. Ojú tí òjò mú bá dígí lọ, tèmi ni. Èyí tó kù, tí mo fi tẹlifóònù yà, tí mo sọ di méjì, òun ni.

Ìyá mi ti gbé bébà náà lọ sí apá kejì. Ó ká ojú kò, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́.

"Ìwọ rèé? Kí ló ṣe ọ́ tó o fi ṣá báyìí?"

"Tàdáwà ni kò tó, Màmá."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kò níṣòro, mo ti rí i. Ìwọ ni n kò tíì rí."

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, èmi rèé, mo wà níwájú yín. Ẹ wò mí." Ó gbé ọwọ́ lé mi lójú, ó fi àtàǹpàkò wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi àti ewú ẹ̀bá etí mi, ó sì wò mí títí.

"Àgbàlagbà kan ni mo rí," ó ní. "Ọmọ mi ni kó o lọ tẹ̀ fún mi."

Onítakisí tún fun fèrè. Mo ní dókítà ń retí wa. Ìyá mi ní kó máa retí, òun kò lọ síbi kankan. Mo dìde, mo padà sí yàrá ẹ̀yìn, mo fa wáyà yọ, mo ti orí ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rẹ aṣọ sínú omi. Láti ìgbà tí ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀, ojú òkú ni mo ti ń fọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ tèmi.